Yunifásítì wo ló ń gbé ọmọ dé báǹkì ìdókòwò?

Ìbéèrè: Olóòtú, ọmọ mi fẹ́ ṣiṣẹ́ báǹkì ìdókòwò. Yunifásítì Àbújá ti gbà á wọlé. Ṣé kó dúró de ti òkè òkun? Ìyá kan, Life Camp.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó wọlé, mà. Lóòótọ́, orúkọ ilé ìwé ń ṣiṣẹ́ ní New York: Oxford àti Harvard ni Adébáyọ̀ Ògúnlésì gbà kọjá kó tó dé báǹkì ìdókòwò First Boston níbẹ̀ lọ́dún 1983. Ṣùgbọ́n Nsukka ni Herbert Wigwe ti kàwé, Benin ni ti Aigboje Aig-Imoukhuede, àwọn méjèèjì ló sì gba àkóso Access Bank lọ́dún 2002.

Ó ń dùn mí bí àwọn ọmọ ṣe ń fi máàkì ọdún kìíní ṣeré. Kò yẹ kí èsì ọmọ yín wálẹ̀ ju second class upper lọ. Kó tètè bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, kó sì wá ibi ìkọ́ṣẹ́ sí Èkó nígbà ìsinmi. Ibẹ̀ niṣẹ́ náà pọ̀ sí.