ÌTỌ́JÚ LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ FÚN IṢAN ẸJẸ̀ ŃLÁ TÍ Ó WÚ NÍNÚ IKÙN

Kí ni àìsàn yìí?
Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn gba inú ikùn lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Nínú ikùn àgbàlagbà, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ara iṣan náà bá di aláìlágbára, yóò máa wú bí tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbó. Sìgá mímu, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọjọ́ ogbó wà lára ohun tí ó ń fà á. Bí ó bá bẹ́, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í dé ilé ìwòsàn láàyè.

Báwo ni a ṣe ń tún un ṣe?
Tẹ́lẹ̀ rí, ikùn ni a máa ń là. Ní ọdún 1990, ní ìlú Buenos Aires ní ilẹ̀ Ajẹntínà, Dókítà Juan Parodi gba inú iṣan tí ó wà ní orí itan, ó sì fi páìpù aláṣọ tí wáyà gbé ró sí inú iṣan tí ó wú. Inú páìpù náà ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, aláìsàn a sì tètè padà sí ilé.

Ewu wo ni ó lè tẹ̀lé e?
(a) Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò sí ẹ̀yìn páìpù náà, kí iṣan tún máa wú. Èyí wọ́pọ̀, ó sì lè má ro ènìyàn lára rárá.
(b) Páìpù náà lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀.
(d) Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan tutù, kí ó sì máa ro ni.
(e) Kòkòrò àrùn lè wọ inú rẹ̀, kí ó mú ibà wá.
(ẹ) Oògùn tí a ń lò láti ya àwòrán iṣan lè pa kíndìnrín lára.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe?
Ewu wọ̀nyí lè yọjú lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe máa ń ya àwòrán inú ikùn láìpẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì ń tún un yà lóòrèkóòrè ní gbogbo ọjọ́ ayé aláìsàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń pe ọkùnrin tí ó bá pé ọmọ ọdún 65 fún àyẹ̀wò àìsàn yìí. Bàbá tí ó bá ti ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tí ó sì padà sí ilé ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnkà, lè máa gun òkè Màpó láìsinmi, kí ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Kí ó mú ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Òrita Mẹ́fà, kí wọ́n lè máa bá a ṣe àyẹ̀wò.

Bí ikùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣàdédé ń ro ó gidigidi, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí tàbí làkúrègbé. Ẹ má ṣe wọ́ ikùn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà pé páìpù wà nínú iṣan rẹ̀.