“Ki” Ni Kí A Wí, Kì Í Ṣe “Lágbára”

Àwa ọmọ Ifẹ̀ tí ń gbé Moretan ní agbègbè Atakpamé, àwa tí àwọn baba ńlá wa ti Ilé-Ifẹ̀ ṣí wá, Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, òkun jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èbúté ńlá Lomé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ti wọ ẹnu ará òkè pẹ̀lú, àṣìlò ọ̀rọ̀ sì bá a wọlé.

Ẹni tó fẹ́ ra ọ́ìlì fún ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì a máa wí pé ọ́ìlì SAE 40 “lágbára” ju SAE 30 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíki ọ́ìlì ni nọ́ńbà ara agolo ń sọ, kò sọ agbára rẹ̀ rárá. Bí ẹ̀kọ mímu kò bá tètè dà láti inú igbá, a ní ó ki. Bí ó bá ń dà wàà, a ní ó ṣàn. Pákó àti aṣọ ni a ń pè ní ohun tó nípọn; ẹ má ṣe wí bẹ́ẹ̀ fún ọ́ìlì.

“Ki” náà kò sì gbọdọ̀ dá dúró láìsí ooru lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tó ki nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù yóò ṣàn nígbà tó bá gbóná. Nínú 15W-40, 15W ń sọ bí ọ́ìlì ti ń ṣe nínú òtútù, 40 sì ń sọ bí ó ti ki tó ní 100°C. Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí ń sáré sábà máa ń lo 15W-40. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tóbi díẹ̀ ń lo SAE 40 lásán. Àwọn òmìrán tí ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù sì ń lo SAE 30 nísàlẹ̀, SAE 50 nínú sìlíńdà. Bí 50 bá lágbára ju 30 lọ, kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo fi ń bèèrè méjèèjì? Ohun tó yẹni ló ń yẹni. Okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Èyí tó ki jù kì í tètè dé ibi tí a ń retí rẹ̀. Èyí tó ṣàn jù a jẹ́ kí irin máa ha irin, díẹ̀díẹ̀ sì nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi nọ́ọ̀kì.

Bí a bá fa géèjì yọ, tí a fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pa ọ́ìlì, tí ó ṣàn tí ó sì ń rùn dísẹ̀lì, ẹni tó bá ní “agbára rẹ̀ ti tán” yóò sáré ra èyí tó ki jù ú lọ dà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní “ó ti ṣàn” yóò bèèrè ohun tó là á, yóò wá ibi tí dísẹ̀lì ti ń jò wọ inú rẹ̀, yóò dí i, lẹ́yìn náà ni yóò wá da ti tẹ́lẹ̀ nù, yóò sì da ọ́ìlì tuntun sí i, irú èyí tí ìwé ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà pa láṣẹ.