Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran

Gbogbo wa la mọ ohun tí òwe yìí ń wí, n kò ní jókòó máa túmọ̀ rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan ló gbé e sí mi lẹ́nu.

Ìyá rẹ̀ ló kú, ní Ayétẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò kún abẹ́ kánópì, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ dá aṣọ kan náà, ìrẹsì àti àmàlà ń lọ káàkiri, ajá ń họ eegun lábẹ́ tábìlì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí fara ti ògiri, abọ́ òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún sí òsì. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun kò tíì jẹ nǹkan kan láti àná. Láti àná! Bàbá rẹ̀ wà ní yàrá, ó ń ké, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Àwa tó kù ńkọ́?

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, bàbá náà wá bá mi. Ó fẹ́ gun òkè àdúrà lọ, kó lè bi Ọlọ́run léèrè ohun tó fẹ́ fi òun ṣe láyé tó kù. N kò mọ ìdí tí obìnrin yẹn fi kú, n kò sì ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi bàbá náà ṣe, mo mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà sódì.

Lórí àgbélébùú, nínú ìrora tí ẹnu kò lè ròyìn, Jésù rí ìyá rẹ̀ tó dúró nísàlẹ̀, ó sì fà á lé ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́. Bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi bá rí ìyá rẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ ká rí ọmọ tó yẹ kó wẹ̀, tàbí ìyá ìyàwó tí òun náà sin ọmọ rẹ̀, tí a kò sì padà lọ kí?

Mo mọ opó kan tó sá làfún sórí àpáta. Òjò ṣú, ó sáré kó tirẹ̀, ó sì kó ti aládùúgbò rẹ̀ tó wà lóko pẹ̀lú. Ọkọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílẹ̀. Ó sọ fún mi pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ sun oorun gidi.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí èmi àti òwe yìí ti yà. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn, lápá Ìsẹ́yìn tí kò jìnnà sí Ìbàràpá wa. Àfàlá ìyá rẹ̀ kò tún fojú kàn án títí di 1846, ní Abẹ́òkúta. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò jáde, omijé ń dà lójú ìyá. Ọdún 1848 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ẹkún ló kọ́kọ́ dé. Ohun tó kù dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀fọ̀ tuntun kì í ríran, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń fi òwe yìí na opó ní pàṣán, tí wọ́n ní kó mú ara le, pé onígbàgbọ́ kì í sunkún. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù, ó sì sunkún síbẹ̀. Nígbà tí omijé bá di ojú ẹni, ojú ará àti aládùúgbò ló yẹ kó máa bá a ríran. Àwa là ń pè ní ìjọ.

Bàbá yẹn gun òkè lọ, ó mú ọmọ rẹ̀ dání.

Bí ẹ bá ń lọ sílé ọ̀fọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó jókòó, ẹ wá ọmọ tó kéré jù níbẹ̀, kí ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.