Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: OOGÙN TÍ Ń DÈNÀ ÀRÙN OJÚ TÍ Ń PADÀ WÁ

Ojú lọba ara. Nítorí náà, òun ni ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí dá lé.

Ojú ẹlòmíràn a pọ́n, a wú, a sì tún lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó tún dé. Bí ó bá ti kán oogùn kan sí i, yóò ní oogùn náà ni ó wò ó sàn. Ṣùgbọ́n àrùn tí ń lọ tí ń bọ̀ lè lọ fúnra rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ oogùn tí ń dènà ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ṣe ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná nípa àrùn ìfọ́jú etí odò.

Eṣinṣin dúdú kékeré tí ń jẹ ènìyàn létí odò ni ó ń gbé aràn àrùn yìí wọ ara. Àwọn ọmọ aràn náà a máa rìn wọ inú ojú. Bí wọ́n bá kú síbẹ̀, ojú a wú. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ojú a fọ́. Oogùn àtijọ́ kan, DEC, ń pa wọ́n lójijì, ṣùgbọ́n ó ń dá kún wíwú ojú náà. Nítorí èyí ni wọn kò ṣe gba oogùn titun, ivermectin, ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Dókítà Adéníkẹ̀ẹ́ Abíọ́sẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sí abúlé. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì. Lọ́dọọdún, apá kan ń gba ivermectin. Apá kejì ń gba hóró tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oogùn nínú. Ẹni tí ó lò ó kò mọ èyí tí òun gbà. Ẹni tí ń yẹ ojú wò kò mọ̀ pẹ̀lú, kí ìfẹ́ ọkàn má baà yí ìṣirò padà. Èsì rẹ̀ jáde ní 1993: àwọn tí iṣan ìríran wọn bàjẹ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn tí ó lo ivermectin.

Oogùn yìí kì í pa ìyá aràn, tí ó lè lo ọdún 10 sí 15 lára. Ìdí nìyí tí a fi ń lò ó lọ́dọọdún, bí ìgbà tí a ń dá owó ìfipamọ́ wa láìfo oṣù kan. Kò sì lè la ojú tí ó ti fọ́. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí láti máa fi í ta wá lọ́rẹ. Nígbà tí ètò APOC bẹ̀rẹ̀ ní 1995, àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ó wá ń yan ẹni tí yóò pín in. Iṣẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ gan-an nìyẹn! Bí wọ́n bá ń pín in nílé, ẹ sọ fún àwọn òbí yín kí wọ́n gbà á, bí ojú wọn tilẹ̀ mọ́ kedere.

Ṣùgbọ́n ivermectin kì í ṣe oogùn gbogbo ojú pípọ́n. Ẹ má ṣe yá oogùn ojú ara yín lò. Èyí tí ó ní steroid nínú lè mú kí ojú mọ́ kíákíá, kí ó sì máa fọ́ ọ lábẹ́lẹ̀. Dókítà ojú ni kí ẹ lọ bá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ
1. Kí ni ìdí tí a fi fún apá kejì ní hóró tí kò ní oogùn?
2. Kí ni ìdí tí lílò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò fi tó?
3. Ta ni nínú wa tí ń kán oogùn ojú tí dókítà kò kọ fún un?