Òfin, Àṣẹ àti Ipò: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ Eré Orí Kọ̀ǹpútà

Ohun méjì ni ẹni tí ó ń kọ́ bí wọ́n ti ń gbé eré orí kọ̀ǹpútà kalẹ̀ máa ń bá pàdé: ohun tí eré náà gbà láàyè, àti ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe. Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè bá pe méjèèjì ní òfin, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ibi tí yóò ti wá àṣìṣe rẹ̀. Ó yẹ kí òfin jẹ́ ti eré, kí àṣẹ sì jẹ́ ti ẹ̀rọ. Àwọn àṣẹ tí a tò tẹ̀ lé ara wọn ni ètò.

Ayò ọlọ́pọ́n fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Olùkọ́ ní Simawa, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, lè gbé ọpọ́n kalẹ̀ níwájú kíláàsì kí ó tó tan kọ̀ǹpútà rárá. Ilé 12 ni ó wà lórí ọpọ́n, ọmọ ayò 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Òfin ni pé kí ẹni tí ó ń ta kó ọmọ inú ilé kan, kí ó sì fi wọ́n sí àwọn ilé tí ó tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, yí ọpọ́n ká. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ‘yí ká’. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà 0 títí dé 11 sàmì sí àwọn ilé, àṣẹ ni pé: fi 1 kún nọ́ńbà ilé, bí ó bá di 12, dá a padà sí 0. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé apá kejì yóò rán ẹ̀rọ lọ sí ilé 12 tí kò sí. Àṣẹ ni ó kù díẹ̀ káàtó. Òfin ayò kò ní ẹ̀bi.

Ìgbékalẹ̀ eré bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọwọ́ kan òfin. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá sọ ti inú ilé alátakò di 2 tàbí 3, jíjẹ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ọ́ di 4, àṣẹ rẹ̀ lè pé pérépéré síbẹ̀ kí eré náà má dùn. Títa nìkan ni yóò fi í hàn.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ipò, èyí ni bí àwọn ọmọ ṣe wà lórí ọpọ́n ní àkókò kan. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ti Vrije Universiteit ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ ipò 889,063,398,406 wò nínú Awari, eré tí ó bá ayò tan. Wọ́n rí i pé bí ọ̀ta méjì kò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni yóò yọrí sí.

Èdè-ìperí tí ó bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ yóò jẹ́ kí olùkọ́ lè bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tí ó tọ́: ṣé ohun tí o fẹ́ ni kò dára ni, àbí ohun tí o sọ fún ẹ̀rọ?