Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Rà Á: Yíyan Páwà Sọ́pláì fún Kọ̀ǹpútà Géèmù

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń tu owó jọ láti to kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi gbá géèmù, graphics card ló máa ń kọ́kọ́ rà, processor á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà RAM. Owó táṣẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́kù ni yóò fi ra páwà sọ́pláì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo iná tí àwọn ohun olówó ńlá wọ̀nyẹn ń jẹ, ọwọ́ páwà sọ́pláì ni wọ́n ti ń gbà á. Bí èyí tó dára bá fẹ́ kú, yóò pa ara rẹ̀ dé, òun nìkan ni yóò kú. Gbàrọ́gùdù lè fi iná tó ga jù ránṣẹ́ sí motherboard àti graphics card, kí gbogbo rẹ̀ jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ẹ̀kọ́ tòní, a ó wo bí a ṣe ń ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páwà sọ́pláì. Ẹ má wo páálí, ẹ wo ìwé yẹn.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Iná tó ń jáde lára ògiri ní Nàìjíríà jẹ́ AC, 230 fóòtì. Kọ̀ǹpútà kò lè lo irú iná yìí. Páwà sọ́pláì ló ń sọ ọ́ di DC, tí ó sì ń pín in sí 12 fóòtì, 5 fóòtì àti 3.3 fóòtì. Processor àti graphics card òde òní, orí 12 fóòtì ni wọ́n ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìlà +12V ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì wéra. Méjèèjì ni wọ́n kọ 500W gàdàgbà sí lára. Lábẹ́ +12V lára èkíní, ẹ rí 41A. Ẹ sọ 12 di ìlọ́po 41, ó di 492W. Ó bá ohun tí wọ́n kọ mu. Lára èkejì, 18A ni ẹ rí. 12 lọ́nà 18 jẹ́ 216W péré. Níbo ni ìyókù wà? Ó wà lórí páálí. Irú èyí kún inú kéèsì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà pẹ̀lú páwà sọ́pláì nínú. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ kọ iye A sí i rárá. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Wáàtì mélòó la nílò? Ẹ mú RTX 3060 àti Ryzen 5 5600 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Nvidia sọ pé 170W ni graphics card náà ń jẹ. AMD kọ 65W sí processor, ṣùgbọ́n ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí náà ẹ kà á sí 90W. Motherboard, RAM, SSD àti àwọn fáànù, ẹ fún wọn ní 60W. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 320W. Síbẹ̀ 550W ni Nvidia ní kí á rà. Kì í ṣe àsọdùn. Graphics card a máa fo sókè lójijì, láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú, kódà tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí yóò sì fa iná tó ju iye tí wọ́n kọ sí i lọ dáadáa. Bí páwà sọ́pláì kò bá ní àyè tó, kọ̀ǹpútà á kàn kú pii láàárín géèmù. Nítorí irú ìfòsókè báyìí ni ìlànà ATX 3.0 tí Intel gbé jáde ní 2022 fi béèrè pé kí àwọn páwà sọ́pláì ńláńlá lè fara da ìlọ́po méjì wáàtì wọn fún ìṣẹ́jú bíńtín.

Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé 650W yóò jẹ yúníìtì mítà tán, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá nílò nìkan ló máa fà. Ohun tó ń fi iná ṣòfò ni ooru, ibẹ̀ sì ni àmì 80 PLUS ti wúlò. Bí kọ̀ǹpútà bá nílò 300W, páwà sọ́pláì tó ń ṣe dáadáa dé ìwọ̀n 90% yóò fa nǹkan bíi 333W lára ògiri. Èyí tó wà ní 80% yóò fa 375W. Ẹni tó ń fi bátìrì ìnfátà gbá géèmù yóò mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń ṣòfò tó nìkan ni àmì yẹn ń sọ. Kò sọ̀rọ̀ ààbò. Ní 2021, àwọn tó ń yẹ ọjà wò, pàápàá Gamers Nexus ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn kan nínú páwà sọ́pláì Gigabyte P750GM àti P850GM ń bú gbàù nígbà tí wọ́n bá di ẹrù iná tó pọ̀ lé wọn. Àmì Gold wà lára wọn o! Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Gigabyte dín ibi tí ààbò wọn ti ń já iná kù, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ wá pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá orúkọ gan-an tí ẹ fẹ́ rà, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan, kí ẹ sì ka ohun tí àwọn tó tú u wò sọ. Ẹ wò ó bóyá OPP, OVP, OCP àti SCP wà nínú ààbò tí wọ́n kọ sí i.

Ọ̀rọ̀ wa níhìn-ín tún lé díẹ̀. Lára ìwé pélébé náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Input sí. Bí ó bá jẹ́ 100–240V, iná tó rẹ̀ sílẹ̀ dé 160 fóòtì kò ní tètè pa á. Èyí tí wọ́n kọ 200–240V sí kò ní irú ìfaradà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní Computer Village, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún bọ́tìnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà ní 115 tí ẹ sì kì í bọ iná wa, ariwo àti èéfín ni ẹ ó fi kí i káàbọ̀. Ẹ béèrè wáyà tirẹ̀ gan-an pẹ̀lú. Wáyà tó ń yọ kúrò lára páwà sọ́pláì kan lè wọ ara òmíràn wẹ́kú, kí ètò iná inú rẹ̀ sì yàtọ̀. Hard disk ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Bí ìnfátà ni ẹ ń lò, èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí ló bá páwà sọ́pláì òde òní lára mu. Bí ó bá ní bọ́tìnì tí a fi ń yan UPS, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí ó lè tètè gba iṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Iná tí páwà sọ́pláì tọ́jú sínú kò lè gbé ẹrù rẹ̀ pẹ́.

Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ gbá géèmù tó wúwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi mítà wọn wáyà ofeefee nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 àti 12.6 fóòtì. Bí ó bá jáde kúrò níbẹ̀, ẹ dá a padà kí ọjọ́ tí ẹni tó tà á fún yín dá kó tó pé. Ẹ má ṣe tú u fúnra yín: kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná tó ju 300 fóòtì mú, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri.