Wọ́n ti wo fíìmù rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wo eré rẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ìyá wa olóòtú,

Láti France Road, Sábọ́n Gàrí, ní Kánò, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Aṣọ ọmọdé ni mo ń tà. Ọlọ́run fi ìbejì ta mí lọ́rẹ, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìdòwú tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Ìbàdíàrán, ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ṣètò pé kí èmi àti àwọn ọmọ wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ó sì ní òun fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì The Lion King tí wọ́n ń ṣe lórí ìtàgé fún gbogbo wa.

Ọkọ mi ní ìnákúnàá ni. Ó ní fíìmù kàtúùnù yẹn ti wà nílé wa ó ti pẹ́, àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n sórí, kí àbúrò òun kúkú fi owó náà ránṣẹ́ ká fi kún owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnì kan ní ìjọ wa tún sọ pé eré tí wọ́n ti ń gbé ìbòjú, tí wọ́n ń lùlù, ọ̀rọ̀ egúngún ni, kò yẹ ọmọ Kristẹni. Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù ni ti Ìdòwú. Bàbá wọn àgbà, ìyẹn bàbá ọkọ mi, kú lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá. Láti ìgbà náà, tí fíìmù náà bá ti dé ibi tí bàbá ọmọ kìnnìún ti kú, ẹkún ló máa ń bú sí, á ní ká pa tẹlifíṣọ̀n. Ṣé kí a lọ? Ṣé kí n mú un dání?

Ìyá Ìbejì, France Road, Kánò.

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ kú ìsìnkú bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dáàbò bo àwọn tí bàbá fi sílẹ̀.

Ẹ lọ. Ẹ mú Ìdòwú dání pẹ̀lú, àmọ́ iṣẹ́ díẹ̀ wà tí ẹ ní láti ṣe lórí rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ fún yín lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ lè rí nǹkan sọ fún Bàbá Ìbejì.

Mi ò ní bá Bàbá Ìbejì wí pé ó ń ro owó. Lóde òní, bàbá tó bá ń ro owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta, a kì í dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nǹkan tí àǹtí fẹ́ ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò dára ká sọ fún un pé kó sọ ọ́ di owó. Ó lè fún yín lówó lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ tí òun àti àwọn ọmọ jọ jókòó wo nǹkan kan náà, tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ló ń wá báyìí. Tí owó bá ká yín lára, ẹ ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà kí ọjọ́ tó sún mọ́, kó sì wo ti àárín ọ̀sẹ̀, torí kì í sábà wọ́n tó ti òpin ọ̀sẹ̀. Kó rántí pé ti Ìdòwú náà wà níbẹ̀, torí wọn kì í gba kí ọmọdé jókòó lórí itan ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti wo fíìmù rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ọdún 1994 ni kàtúùnù náà jáde. Nígbà tí Disney fẹ́ gbé e lọ sórí ìtàgé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Julie Taymor, tó ti gbé ní Indonesia rí, tó sì mọ iṣẹ́ ọmọlangidi àti ìbòjú dunjú, ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Broadway, ní New York, ní oṣù kọkànlá ọdún 1997. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Tony mẹ́fà, Taymor sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ti olùdarí eré olórin. Ó dé gbọ̀ngàn Lyceum ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é títí di òní. Èèyàn tó ti wò ó káàkiri ayé ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Púpọ̀ nínú wọn ló ti wo fíìmù rẹ̀ nílé bíi tiyín. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ?

Èèyàn ni wọ́n ń wá lọ. Taymor kò fi òṣèré pamọ́ sínú awọ ẹranko. Ọkùnrin tó ń ṣe àgùnfọn gun àgéré tẹsẹ̀ tọwọ́, ọrùn gígùn náà wà lórí rẹ̀, ẹ sì ń wo ojú rẹ̀ kedere lábẹ́ ọrùn náà. Pápá oko gan-an, àwọn oníjó ló rù ú: koríko dúró ṣánṣán lórí wọn, bí wọ́n bá ti ń rìn ni gbogbo pápá ń mì. Nígbà tí ọ̀dá dá, aṣọ búlúù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí omi ni wọ́n ń fà wọ ihò kan lórí ìtàgé díẹ̀díẹ̀, títí odò fi gbẹ lójú gbogbo èèyàn. Ìbòjú kìnnìún kì í bo ojú òṣèré, òkè iwájú orí ló wà. Bí Scar, àbúrò ọba tó fẹ́ gba ìjọba, bá bínú tó bẹ̀rẹ̀ síwájú, ìbòjú náà á sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọ̀gangan ojú rẹ̀. Bó bá nàró padà, ojú èèyàn tún hàn.

Nínú kàtúùnù, wọ́n ti parí gbogbo iṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Lórí ìtàgé, ọmọ ló máa parí rẹ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀. Ó rí igi, ó rí aṣọ, ó rí ẹsẹ̀ oníjó, síbẹ̀ ó gbà pé àgùnfọn ń kọjá lọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀ pé èèyàn bíi tòun ló ṣe é, pé tí òun bá kọ́ ọ, ọwọ́ òun náà á lè ṣe é. Fíìmù tó wà nílé yín kò lè kọ́ wọn ní èyí, bó ti wù kí wọ́n wò ó tó. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lọ gan-an nìyẹn.

Àwa Yorùbá náà ti ń gbé ìtàn láti ibì kan lọ síbòmíràn. Ọdún 1952 ni ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, jáde. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré olórin ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé wà nílẹ̀, ìyẹn kò sì ní kí eré má wúlò. Kánò yín náà kì í ṣe àjèjì sí tíátà. Ìlú yẹn ni wọ́n ti mú Hubert Ògúǹdé nítorí Bread and Bullet, eré tó dá lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enúgù ní 1949. Ìjọba amúnisìn mọ agbára tó wà nínú kí èèyàn dìde dúró lójú èèyàn kó sọ ìtàn. Àwọn àgbà kan á ṣì wà ní Sábọ́n Gàrí tí wọ́n lè sọ fún àwọn ọmọ bí ojú ìtàgé ṣe rí nígbà tí àwọn ọ̀gá òṣèré wa máa ń wọlé wá. Ẹ mú àwọn ìbejì lọ bá wọn.

Ní ti ará ìjọ yín, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn. Kò sí ìbọ kankan nínú eré náà. Iṣẹ́ ọnà ni ìbòjú tó wà níbẹ̀, gbangba ni ẹni tó gbé e sì wà. Ìlù náà, ìlù ni. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìtàn ọmọ tó sá kúrò nílé nítorí ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, tó padà wá gba ojúṣe rẹ̀, ni wọ́n ń sọ. Ohun mìíràn tún wà tó máa dùn mọ́ àwọn ọmọ Sábọ́n Gàrí. Lebo M, ọmọ Soweto ní South Africa, wà lára àwọn tó ṣe orin eré náà, èdè ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́fà ló sì wà nínú rẹ̀, Zulu àti Swahili wà lára wọn. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nínú ilé, tó ń sọ Haúsá níta, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, èdè tí kò gbọ́ kì í dẹ́rù bà á. Á fetí sí i, á gbá ohun tó bá lè gbá mú.

Ó ku Ìdòwú. Ọmọ ọdún mẹ́fà sókè ni àwọn tó ń ṣe eré náà ní ó yẹ fún. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wọlé rárá. Èyí ni pé Ìdòwú lè wọlé, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó lọ, ẹ má sì fo ikú bàbá náà. Ẹ sọ fún un pé ìdajì àkọ́kọ́ ló wà, pé òṣèré tó ṣe é á jáde wá níkẹyìn, á tẹríba fún àwọn èèyàn. Ẹ sọ fún un pé òkùnkùn máa ṣú, pé ìlù àti orin máa dún gan-an, pé àwọn ẹranko á gba àárín èrò kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni, pẹ̀lú ìsinmi láàárín, nítorí náà ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kó jẹun, ẹ mú un lọ tọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sí etí ọ̀nà. Tó bá ní òun fẹ́ jáde, ẹ mú un jáde, ẹ má bá a jà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kó rí. Nígbà tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ọba, bàbá ọmọ kìnnìún náà, àwọn abo kìnnìún á fa aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn jáde láti ojú wọn, ìyẹn ni omijé. Wọn kò sá fún un, wọn kò sì pa ìtàgé. Wọ́n jọ sunkún, orin sì ń lọ. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o: bí Ìdòwú ṣe ń ní kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, mo rò pé ọmọ náà ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ bàbá àgbà ni. Tí ẹ bá padà délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ bi í pé kí ló rántí nípa bàbá. Kí ẹ̀yin náà sọ ohun tí ẹ rántí. Tí ẹkún bá gbọ̀n yín, ẹ jọ sun ún.

Tí ẹ bá padà dé Kánò, páálí kì í wọ́n nílé ẹni tó ń tajà. Ẹ fún wọn ní páálí, gọ́ọ̀mù àti àjákù aṣọ, kí wọ́n ṣe kìnnìún tiwọn, kí wọ́n sì ṣeré rẹ̀ nínú ọgbà fún àwọn ará ilé, ní Yorùbá àti ní Haúsá. Kí Bàbá Ìbejì jókòó níwájú. Ẹ bá mi kí i, ẹ sọ fún un pé mo ní kó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, torí ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ á gbà níbẹ̀, ara owó ilé-ẹ̀kọ́ tó ń rò náà ni. Ẹ máa lọ ire, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi tí ẹ bá dé.